Ààfin Aga Khan ní Pune: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé ẹ̀yìnkùlé kẹ́ ẹ tó padà

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní Pune ní Íńdíà, yálà ẹ ń kàwé ni o àbí ọjà lẹ wá rà, ẹ wá àyè ọjọ́ kan lọ sí Ààfin Aga Khan tó wà ní Nagar Road. Mo lọ ní Sátidé tó kọjá, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ilé yẹn rẹwà o, 1892 ni wọ́n ti kọ́ ọ, ọgbà ẹ̀ tutù minimini. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà yẹn sọ ọ́ dà ní 1942. Ogun Hitler ń jà lọ́wọ́, wọ́n ti kó Íńdíà wọ̀gun láti 1939 láì bi àwọn aṣáájú ibẹ̀ léèrè, Japan ti wọ Bọ́mà tó múlé ti Íńdíà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, ni Gandhi àtàwọn Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira Íńdíà, bá pàdé ní Bombay lọ́jọ́ 8 oṣù August, wọ́n ní káwọn Òyìnbó kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀ lọlọ́pàá kó wọn. Ibí ni wọ́n kó Gandhi wá, òun àti Mahadev Desai akọ̀wé ẹ̀, Kasturba ìyàwó ẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Desai ò lò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, àìsàn ọkàn pa á lọ́jọ́ 15 oṣù August. Ọjọ́ 15 oṣù August yìí kan náà ni Íńdíà wá gbòmìnira ní 1947! Kasturba náà ò jáde láàyè, February 1944 ló kú síbẹ̀, lẹ́yìn tóun àti ọkọ ẹ̀ ti fẹ́ra lé lọ́gọ́ta ọdún. Oṣù May ni wọ́n tó tú Gandhi sílẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sógun Bọ́mà. 1943 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní 81st Division gúnlẹ̀ sí Íńdíà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n wá gba ayé lọ́wọ́ amúnisìn, Gandhi sì ń bẹ nínú ilé yìí lábẹ́ ìṣọ́.

Dírẹ́bà tá a háyà ló fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó ní ká ya fótò níwájú ilé ká máa bọ̀, pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni wọ́n ti sun òkú Desai àti Kasturba, òkúta mábù funfun ni wọ́n fi ṣe ojúbọ wọn, ewé tulsi táwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà sí mímọ́ wà níbẹ̀, òórùn ẹ̀ fẹ́ jọ ti efinrin wa. Ìyá àgbà kan bọ́ bàtà, ó forí kan òkúta yẹn, kò sọ nǹkan kan, ó pẹ́ kó tó dìde. Èmi náà bọ́ bàtà mi.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ bá dírẹ́bà yín ṣàdéhùn wákàtí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.