Bee-Bot: oyin tó ń kọ́ ọmọ kékeré ní coding láìsí screen

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń bi mí pé róbọ́ọ̀tì wo ló dáa fún ọmọ kékeré, Bee-Bot ni o, róbọ́ọ̀tì kékeré tó rí bí oyin, tó ń rìn nílẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni mí ní London níbí, kíláàsì àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, òun la sì ń lò, torí láti 2014 ni coding, ìyẹn kíkọ àṣẹ tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé, ti wọnú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní England látọmọ ọdún márùn-ún.

Kò ní screen rárá, ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Bọ́tìnnì ló wà lẹ́yìn ẹ̀: síwájú, sẹ́yìn, ọ̀tún, òsì, GO, àti X tó ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ìgbésẹ̀ kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tó bá sì yí, digírì 90 ló máa yí. Ọmọ á tẹ gbogbo àṣẹ ẹ̀ tán kó tó tẹ GO, torí náà ó di dandan kó kọ́kọ́ fi ọpọlọ rin ọ̀nà yẹn kí oyin tó rìn ín nílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni coding wà.

Yíyí ló máa ń dà wọ́n láàmú jù. Wọ́n á rò pé táwọn bá tẹ ọ̀tún, oyin á bọ́ sápá ọ̀tún, àmọ́ ojú kan ló máa wà tó máa yí. Tó bá tún wá kọjú sí ọmọ, ọ̀tún oyin ti di òsì ọmọ nìyẹn, ariwo á sọ! Mo máa ń ní kí wọ́n dìde kí wọ́n ṣe bí oyin. Seymour Papert, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe Logo, èdè coding fún ọmọdé, ní 1967, ti rí èyí tipẹ́, ìjàpá ni róbọ́ọ̀tì tiẹ̀, ó fẹ́ kí ọmọ fi ara ẹ̀ mọ ibi tí ìjàpá ń lọ.

X náà ńkọ́? Tí wọn ò bá tẹ ẹ́, àṣẹ tuntun á lẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní "Miss, ó ti bàjẹ́!" Kò bàjẹ́ jàre, ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe náà ló ṣe. Mi ò kì í sọ ibi tí àṣìṣe wà, wọ́n á ka àwọn àṣẹ wọn sókè ni, wọ́n á sì rí i fúnra wọn, inú mi máa ń dùn gan-an ní gbogbo ìgbà.

Kò ní àṣẹ "tún un ṣe" o, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti kúrò níbẹ̀, Scratch, ètò coding orí kọ̀ǹpútà fún ọmọdé, ni kẹ́ ẹ fún irú wọn, ọ̀fẹ́ ni.

Torí pé ó wọ́n díẹ̀, ẹ lè dá owó rà á ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kíláàsì Sátidé. Ẹ ya ilé, ọjà àti odò sórí páálí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 níbùú lóròó bí ìgbésẹ̀ oyin, kí ẹ sì máa fi Yorùbá pàṣẹ, àwọn ọmọ wa tí wọn ò gbọ́ èdè á mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.