Wi-Fi àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì aládàáni: èwo ló yẹ kọ́ńpìnnì yín?

Ẹni tó ní kọ́ńpìnnì ní Ìkẹjà, Ìlúpéjú, Ìsọlọ̀ tàbí Àpápá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n ti gbé ìwé ìdíyelé méjì síwájú rẹ̀: ọ̀kan ti Wi-Fi, èkejì ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì aládàáni, ìyẹn èyí tí kọ́ńpìnnì yín nìkan ń lò, tó ń lo síìmù bíi ti fóònù, yálà 4G tàbí 5G. Ìkẹta náà wà tí kì í sábà wọ inú ìwé, ìyẹn ni kí ẹ kàn ra síìmù ojú títì, kí ẹ fi í sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa ra dátà sí i. Èmi ń bójú tó ẹ̀rọ ní kọ́ńpìnnì ohun mímu kan ní Ìkẹjà. A lo Wi-Fi, ojú wa rí màbo, a wá gbé sítọ́ọ̀ àti àgbàlá sórí 4G aládàáni. Ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò ṣì wà lórí wáyà, ibẹ̀ náà ni yóò sì máa wà.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti wáyà yẹn. Ẹ̀rọ tó bá dúró sójú kan, tí ẹ kò sì ní gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ fa wáyà sí i. Ẹni tó bá ní kí ẹ yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ lè sọ fún àwọn ọ̀gá pé ẹ ti ní 5G, owó yín ló ń wá. Ti ìyára náà, ẹ má dààmú ara yín. Sikánà tó ń ka àmì ara páálí kò nílò ju ìdá kékeré lọ nínú ìyára tí wọ́n ń pariwo rẹ̀.

Ohun tó ń rìn

Ibí yìí lowó wa gbà lọ. Ọjọ́ Àìkú ni kọ̀ǹtírákítọ̀ tó bá wa ṣe Wi-Fi wá wọn sítọ́ọ̀, nígbà tí iṣẹ́ ò sí, tí ọjà tó wà nílẹ̀ kò sì pọ̀. Ó gbé láptọ́ọ̀pù káàkiri, àwọ̀ ewé ni gbogbo ibi ń tàn lójú rẹ̀, ó kó áńtẹ́nà kọ́, ó gbowó rẹ̀. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, pálẹ́ẹ̀tì ohun mímu ti kún dé abẹ́ òrùlé. Omi sì máa ń gbé ìgbì rédíò mì, irin tí wọ́n fi ṣe pẹpẹ ìkẹ́rù á sì máa da ìyókù padà sọ́tùn-ún sósì. Sítọ́ọ̀ tó wọ̀n yẹn kọ́ la wá ń lò mọ́.

“Ẹnjiníà, nǹkan yín ti tún kú o!” Alhájì tó ń wa forklift, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé pálẹ́ẹ̀tì sókè sódò, ló máa ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ìlà kẹrin. Bí mo bá dé ibẹ̀, màá rí òbírí kékeré kan tó ń yí lójú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà tó ń wa forklift ti wá dọ́gbọ́n sí i: wọ́n á rìn padà sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà tí áńtẹ́nà wà, wọ́n á dúró kí orúkọ ọjà tó kàn jáde, wọ́n á tún wọlé lọ gbé e. Tírélà tó wà níta á máa fọn fèrè. Nígbà tó yá, wọ́n pa tábúlẹ́ẹ̀tì tì, bírò àti ẹ̀yìn páálí ni wọ́n fi ń ṣírò.

Áńtẹ́nà kankan ò bàjẹ́ o. Bí Wi-Fi ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tí yóò fi áńtẹ́nà kan sílẹ̀ tí yóò di òmíràn mú, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sì rọ̀ mọ́ èyí tó ti jìnnà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Ìgbà tí agbára bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ni wọ́n tó wá òmíràn, wọ́n á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Láti 2008 ni ìlànà 802.11r ti wà tó yẹ kó sọ àkókò yẹn di kékeré, àmọ́ àfi kí áńtẹ́nà àti ẹ̀rọ ọwọ́ jọ gbọ́ ọ. Àwọn sikánà wa tó ti pẹ́ kò gbọ́ ọ. Wi-Fi 6 tún ọ̀nà tí ẹ̀rọ púpọ̀ fi ń pín ìgbì lò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò gba ìpinnu yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ ọwọ́.

Lórí 4G àti 5G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pàṣẹ. Ẹ̀rọ ọwọ́ á máa ròyìn bó ṣe ń gbọ́ àwọn áńtẹ́nà tó yí i ká, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti wá àyè sílẹ̀ dè é níbi tó ń lọ, kó tó ní kó kúrò níbi tó wà. Omi ń gbé ìgbì tiwọn náà mì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, ṣùgbọ́n kò tún sí pé forklift ń wá ẹnu ọ̀nà kiri. Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i fẹ́ni tó ń ronú ọkọ̀ kékeré tó ń wa ara rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pé bí ìròyìn ò bá dé lásìkò, kó dúró gbagidi. Ìdúró yẹn ò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, owó iṣẹ́ ló ń jẹ.

Nítorí náà, ohunkóhun tí wọn ì báà máa tà fún yín, ẹ ní kí wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan sórí forklift kó máa ping sáfà (kọ́ńpútà tó ń dá àwọn ẹ̀rọ yín lóhùn) láìdánudúró, ìyẹn ni pé kó máa pè é, kó sì máa fi nọ́ńbà hàn bí èsì ṣe pẹ́ tó. Kí dírẹ́bà wà á láti ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀ títí dé ìlà tó jìnnà jù, lọ bọ̀, lọ́jọ́ tí sítọ́ọ̀ kún bámúbámú. Níbi tí nọ́ńbà bá ti fò, kí ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀. Ẹni tí ò bá fẹ́ ṣe èyí, ẹ fún un lómi mu, kó máa lọ.

Ta ló ni ìgbì?

Ìgbì Wi-Fi, ti gbogbo ayé ni. Ní Ìlúpéjú, níbi tí kọ́ńpìnnì ti ń fi fẹ́ǹsì gbára ti ara wọn, ẹ máa gbọ́ Wi-Fi aládùúgbò ju tiyín lọ. Lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì tí Wi-Fi ń lò, ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn. 5 GHz láyè díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí Wi-Fi gbọ́dọ̀ sá kúrò bó bá gbúròó rádà, kó tó sì wọ ọ̀nà mìíràn nínú wọn, ó ní láti fetí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, ẹ bi kọ̀ǹtírákítọ̀ bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbì 5G lólówó. Ní December 2021, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ta ìgbì 3.5 GHz ní gbàǹjo, MTN àti Mafab mú un, mílíọ̀nù 273.6 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan. Airtel gba tiẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Jámánì, láti 2019 ni kọ́ńpìnnì ti lè gba ìwé àṣẹ tiẹ̀ lórí 3.7 sí 3.8 GHz fún inú ọgbà rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ àwọn tó ní ìgbì lẹ máa gbà, ẹ sì máa ní sùúrù: ìpàdé lóríṣiríṣi, lọ́yà, ìwé àdéhùn tó nípọn. Ẹ rí i pé ó wà nínú ìwé náà ẹni tó ni àwọn áńtẹ́nà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bẹ́ ẹ bá pínyà.

Ibi tí ọpọlọ rẹ̀ wà

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì aládàáni tí wọ́n gbé ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn sáfà tó ń darí rẹ̀, sókè òkun kò yàtọ̀ púpọ̀ sí síìmù ojú títì. Ní March 14, 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì Èkó dẹnu kọlẹ̀. Kọ́ńpìnnì tí sáfà rẹ̀ wà nínú ọgbà ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú ọgbà yín, kí wọ́n sì fi han yín pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Wi-Fi náà lè jẹ̀bi èyí, bí ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ bá wà lókè òkun.

Ìyókù, kíákíá. Iná: èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ so ó mọ́ ínfátà, torí àlàfo kékeré láàárín NẸ́PÀ àti jẹnẹrétọ̀ ti tó láti pa sáfà, kì í sì í tètè jí. Ààbò: pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi wa ti dé ọ̀dọ̀ ìyá onírẹsì lẹ́nu géètì, síìmù kò ní irú wàhálà yẹn. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń polówó 5G, àfojúsùn ni, ẹ má rà á bí ẹ̀rí.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: Wi-Fi ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹni tó lè tún un ṣe pọ̀ ní Èkó, ẹ̀rọ ọwọ́ tó gbà á kò wọ́n, kò sì sí ẹni tí ẹ máa tọrọ ìgbì lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ọ́fíìsì, yàrá àyẹ̀wò àti kọ́ńpìnnì kékeré tí ẹ̀rọ rẹ̀ dúró sójú kan, ẹ rà á láìfòyà, ẹ sáà má lọ ra ráútà ilé ní Ọ̀tígbà, ọjà kọ́ńpútà Ìkẹjà, fún iṣẹ́ kọ́ńpìnnì. Síìmù ojú títì dára fún táǹkì dísù tàbí mítà tó wà lọ́nà jíjìn, tó kàn ń ròyìn ní wákàtí wákàtí.

Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní sítọ́ọ̀ ńlá tí ẹrù ń kún tó ń fà, tí forklift ń sáré nínú rẹ̀, aládàáni ni. Ó wọ́n, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ní síìmù náà wọ́n. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kò pọn dandan kó jẹ́ 5G. 4G ń ṣe iṣẹ́ sikánà àti tábúlẹ́ẹ̀tì wa tọkàntara. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ 5G dandan, ẹ rí i pé ẹ̀rọ ọwọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rà ń gbọ́ n78, orúkọ tí 3.5 GHz ń jẹ́ nínú ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ. Ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ fún Alhájì tiyín lò fún oṣù kan, kí ẹ tó san ti ìyókù.