Àwọn tó tún lífítì wa ṣe ní Jẹ́ríkò: iṣẹ́ wọn dára, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ ka bíìlì wọn

Iṣẹ́ wọn dára. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, torí bíìlì wọn ni mo fẹ́ bá jà.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwa tí a ni fúláàtì nínú ilé alájà mẹ́fà kan ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn. Lífítì wa ti lé ní ogún ọdún, àtúnṣe ńlá sì ti tó sí i. Iléeṣẹ́ tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kò ní ká tú gbogbo rẹ̀ dànù, ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn nìyẹn. Wọ́n ní àwọn irin tó ń gùn lọ sókè ṣì dúró ṣánṣán. Kọ̀ntírólà (àpótí tó ń darí lífítì), mọ́tò, wáyà irin àti ilẹ̀kùn ni ká pààrọ̀.

Mọ́tò tuntun yìí kò ní gíá, kì í sì í jẹ iná tó ti àtijọ́. Àwa tí a wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, tí owó iná wa fò sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Wọ́n tún fi bátìrì kan sí i: bí NEPA bá mú iná lọ, lífítì á rọra sún dé àjà tó wà nítòsí, á sì ṣílẹ̀kùn kí jẹnẹrétọ̀ tó dún.

Ó wá ku bíìlì. Mo bi ẹnjiníà wọn pé, "Kí ni kò sí nínú ìwé yìí?" Ó ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ bíríkìlà kò sí lọ́wọ́ wa." Bẹ́ẹ̀ ni wáyà tuntun láti ibi mítà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi òjò tó máa ń rọ́ wọ kòtò ìsàlẹ̀ lífítì. Ká ní n ò béèrè ni, ibo la ti máa rí owó wọ̀nyẹn? A yọ owó àìròtẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀, ìdá 15 nínú 100, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ó ṣòro fún àwọn ọlọ́jà láti dúró lórí iye kan pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni iye tí wọ́n kọ fún wa fi dúró, ìpàdé tiwa kò sì tíì parí àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò gbàdúrà. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà pé tí a bá ti san àsansílẹ̀, iye ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò ní yí mọ́.

Nígbà tí a fẹ́ pín owó náà láàárín ara wa, bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ ní, "Ìyá Akápò, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń wọlé mi o!" Ariwo sọ. A fẹnu kò pé kí àwọn ará ìsàlẹ̀ san ìdajì. Owó sáfíìsì tí a jọ ń dá kò ràn wá lọ́wọ́ rárá, epo dísù jẹnẹrétọ̀ ló ń mu ún tán lóṣooṣù. A ti wá ní àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún àtúnṣe ńlá báyìí.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rin kinkin mọ́ ni pásíwọọ̀dù kọ̀ntírólà. Tó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ló lè ṣí i, ọwọ́ wọn lẹ máa wà títí láé. Wọ́n lọ́ra kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú àdéhùn, mo sì yọ máàkì kan kúrò fún un.

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ilẹ̀kùn àjà kẹta ṣì ń pariwo díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeé.