Òṣùwọ̀n ẹ̀tù A&D FX-120i: ohun tí mo rí nígbà tí mo lò ó

Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ ki ọta fún ìbọn ìdíje mọ̀ pé ìdí ẹ̀tù ni wàhálà pọ̀ sí. Òṣùwọ̀n FX-120i láti ọ̀dọ̀ A&D, ilé iṣẹ́ àwọn ará Japan, ni mo ń lò báyìí, n kò sì ní padà sí irú èyí tí mo lò ṣáájú rẹ̀.

Olówó pọ́ọ́kú ni ti tẹ́lẹ̀ yẹn. 0.1 grain (grain ni ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀tù) ló lè kà mọ, kì í sì í dúró lójú kan. Màá gbé abọ́ kúrò, màá gbé e padà, òdo á ti di nǹkan mìíràn. Kí ẹnì kan ṣáà ṣílẹ̀kùn, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bó bá kọ 41.5, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́.

FX-120i yàtọ̀ láti inú wá. Kì í ṣe irin tó ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù ló fi ń wọn nǹkan. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ló fi ń gbé abọ́ dúró sáyè rẹ̀, iye iná tí ìyẹn gbà ló sì ń sọ di ìwọ̀n. 0.001 giramu ló ń kà, tàbí 0.02 grain, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ hóró ẹ̀tù kan ṣoṣo. Mo fi ẹ̀mú kékeré mú hóró kan nínú ẹ̀tù tí wọ́n ń pè ní Varget, mo jù ú sínú abọ́, nọ́ńbà sún sókè. Mo yọ ọ́, nọ́ńbà padà síbi tó wà. Inú mi dùn gan-an!

Ní 100 yáàdì, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan lójú àmì. Ní 600 sí 1,000 yáàdì ni eré ọta tí kò dọ́gba ti ń fara hàn, tí àwọn ihò á máa gùn sókè sódò. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n yìí ti wúlò. Àmọ́ kò lè tún ìkarahun tí ọrùn rẹ̀ kò di ọta mú bákan náà ṣe, kò sì lè sọ primer (èyí tó ń ṣáná sí ẹ̀tù) burúkú di rere. Ẹ tọ́jú àwọn yẹn ná.

Ó ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tàn án sílẹ̀ fún ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú kó tó fara balẹ̀. Fáànù kò gbọdọ̀ fẹ́ sí i, tábìlì kò gbọdọ̀ mì. Kì í da ẹ̀tù fúnra rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá ohun tí yóò máa sẹ́ ẹ̀tù sí i díẹ̀díẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, mo sì gbà pé ẹni tí kì í yìnbọn jìnnà kò nílò rẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá rà á, ẹ ra òkúta ìwọ̀n tó péye mọ́ ọn, nítorí FX kò lè yẹ ara rẹ̀ wò bíi FZ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ wá kékeré kan tó sún mọ́ iye ẹ̀tù tí ẹ máa ń lò, kí ẹ máa gbé e lé e kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Iye tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n ti wù kó péye tó, kò sọ pé kí ẹ kọjá èyí tí wọ́n ní kí ẹ má kọjá.