Awò alágbẹ̀dẹ wúrà tí mo fi ń yẹ ẹ̀yìn ewé tòmátì wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin tòmátì àti ẹ̀fọ́ gbọ̀mà ní agbègbè Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bíi tèmi, ẹ wá owó awò yìí. Ọjà Dantokpa ní Kútọnu ni mo ti rà á ní 4,000 sefa. Irin ni ara rẹ̀, dígí gidi ni ojú rẹ̀, ó sì ń sọ nǹkan di ìlọ́po 20. Oníke kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ 30 sí lára. Mo gbé e lé rúlà, kò sọ nǹkan di ìlọ́po 10 pàápàá. Ẹ má rà á.

Ẹ lẹ awò mọ́ ojú, kí ẹ wá fa ewé súnmọ́ ọn títí yóò fi kù díẹ̀ kó kàn án. Ẹ̀yìn ewé ni kí ẹ wò, ibẹ̀ ni kòkòrò apanirun pupa kan tó ń ta okùn ń gbé. Gígùn rẹ̀ kò ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, nítorí ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ní mẹ́fà. Ẹyin rẹ̀ rí róbótó. Tí ẹ bá rí òmíràn tó ń sáré kiri, tí ara rẹ̀ ń dán, tí ẹyin rẹ̀ gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn sí i! Òun ló ń bá wa jẹ àwọn apanirun. Irú rẹ̀ kan, Typhlodromalus aripo, ni wọ́n kó láti Brazil, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Benin ní 1993, kó lè gbógun ti kòkòrò tó ń jẹ ewé gbágùúdá. Inú ọ̀mùnú gbágùúdá ló ń sápamọ́ sí, mo sì rí i kedere. Inú mi dùn gan-an.

Ibi tí mo ti yọ máàkì kan nínú 5 nìyí: ọ̀gbẹ́ni tó tà á ní mo lè fi dá Tetranychus evansi, irú kòkòrò pupa atakùn yìí kan, mọ̀. Rárá o. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò yẹn ti wá; wọ́n rí i ní Zimbabwe ní 1979, ó sì ti ń ba tòmátì àti gbọ̀mà wa jẹ́ ní Benin báyìí. Pupa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀, Tetranychus urticae, náà lè pupa, abo wọn sì jọra púpọ̀. Akọ ni àwọn onímọ̀ ń wá. Wọ́n á fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí gíláàsì, wọ́n á wá fi maikirosikóòpù wo bí orí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ṣe tẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kó irúgbìn tòmátì tó ti hù gba Ìgòlò sọdá ibodè sí Ìdíròkò ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ fi awò ọwọ́ nìkan búra pé kòkòrò àjèjì kò sí lára rẹ̀.

Tí ẹ bá fura, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kó wọn sínú ìgò ọtí 70%, kí ẹ rí i pé àwọn kékeré tí ìdí wọn ṣóńṣó wà níbẹ̀, akọ nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ ọ̀gbìn, abúlé àti ọjọ́ sórí pépà, kí ẹ jù ú sínú ìgò náà, kí ẹ sì gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn fún ìjọba. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ o, ọtí máa ń fọ yíǹkì bírò dànù.