Ọ̀nà L'Eroica ní Toscana: Ẹ Béèrè Táyà Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó Kẹ̀kẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìsinmi rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ la àwọn ìlú àtijọ́ orí òkè kọjá ní agbègbè Toscana, ní Ítálì, ọ̀nà L'Eroica la máa kọ́kọ́ dárúkọ fún un. 209 kìlómítà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gaiole in Chianti, ó gba Siena, Montalcino, Buonconvento àti Asciano, ó sì yí padà sí Gaiole. Pátákó wà lójú ọ̀nà tó ń júwe ibi téèyàn máa yà sí, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni kò ní ọ̀dà, òkúta wẹ́wẹ́ funfun ló wà níbẹ̀. Torí kí wọ́n má bàa da ọ̀dà bò ó ni Giancarlo Brocci ṣe dá L'Eroica sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1997, ìyẹn àjọgùn tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́ ṣe.

Ẹ má fi kìlómítà nìkan ṣírò o. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo òkè tẹ́ ẹ máa gùn pọ̀, ó ju 3,500 mítà lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló dáa: kẹ́ ẹ sun Siena, Montalcino àti Asciano.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá yá yín ló máa sọ bóyá ẹ máa gbádùn ara yín. Táyà tó fẹ̀ tó 35 sí 40 mílímítà ni kẹ́ ẹ béèrè. Jíà kékeré tó wà níbi pẹ́dà kò gbọ́dọ̀ ju eyín 34 lọ, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn kó tó 34. Ẹni tó wọn 75 kílò, tó ń lo táyà 40 oní-tíúbù, kó fẹ́ ẹ dé nǹkan bí 45 psi (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà). Tó bá le jù, kẹ̀kẹ́ á máa ta pọ́n-ún lórí òkúta, ọwọ́ á sì máa dunni. Tó bá rọ̀ jù, òkúta á tẹ tíúbù mọ́ rímù. Tẹ́ ẹ bá tú táyà tẹ́ ẹ rí ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kì í ṣe ìṣó ló gún un, atẹ́gùn ló kéré. Ẹ lẹ méjèèjì, kẹ́ ẹ fi 5 psi kún un.

Ibi tó dùn jù, tó sì le jù, ni Monte Sante Marie, lẹ́yìn Asciano: 11.5 kìlómítà ọ̀nà funfun lórí àwọn òkè alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní Crete Senesi. Fabian Cancellara, oníkẹ̀kẹ́ ará Switzerland, gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Strade Bianche lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ni wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù, ibòòji ò sì tó nǹkan, ẹ gbé omi lítà méjì. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí kọ́nà tó dé ni kẹ́ ẹ ti tẹ bíréèkì. Ẹni tó bá tẹ ti iwájú gírígírí nínú kọ́nà, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gba títì ọlọ́dà, torí amọ̀ á dí àárín táyà àti férémù títí wíìlì ò fi ní yí mọ́.

Montalcino tọ́ sí ìrọ̀lẹ́ kan gbáko. Nígbà tí Siena ṣubú ní 1555, ibẹ̀ làwọn ará ìlú sá lọ, tí wọ́n sì di ìjọba wọn mú títí di 1559. Odi agbára náà ṣì dúró digbí. Ní Siena, òkè Via Santa Caterina ga dé 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ẹsẹ̀ tì í, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án ló dáa. Ìdíje ẹṣin Palio máa ń wáyé ní Siena ní ọjọ́ 2 oṣù Keje àti ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, hòtẹ́ẹ̀lì sì máa ń kún fọ́fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gaiole ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, nítorí àjọgùn L'Eroica. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù abúlé ló ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, ẹ ra oúnjẹ kí aago kan tó lù.

Tó bá rẹ̀ yín, ibùdókọ̀ ojú irin wà ní Siena, Buonconvento àti Asciano, kò sí ní Gaiole. Ọkọ̀ tó ń dúró ní gbogbo ìlú ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọkọ̀ ojú irin ayára ò ní gba kẹ̀kẹ́ àfi tẹ́ ẹ bá tú u sínú báàgì.