NetMeeting: ìpè fídíò ayé módẹ́ẹ̀mù

Láyé Windows 98, bí ará Àkúrẹ́ bá fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà láti sáíbàkáfè, NetMeeting, ètò ìpè fídíò orí kọ̀ǹpútà, ló tó gbára lé jù. Ọ̀fẹ́ ni. Microsoft gbé e jáde ní 1996, ó sì wà nínú Windows 2000 àti XP; èèyàn á kàn tẹ "conf" sínú "Run" ni. CU-SeeMe ti Yunifásítì Cornell ti ṣáájú rẹ̀ láti 1992, àmọ́ àwòrán aláwọ̀ eérú nìyẹn kọ́kọ́ ń gbé.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bó ṣe ń ṣọ́ ìwọ̀nba láìnì tẹlifóònù tó rí ná. Àwòrán 176 × 144 ní àmì 25,344. Bí wọn ò bá fún un pọ̀, ó lé ní 300,000 bíìtì, módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé bíìtì 28,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á sì lò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lórí àwòrán kan ṣoṣo. H.263, ìlànà fífún fídíò pọ̀, ló gbà á sílẹ̀: ó pín àwòrán náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin 99, ó rán gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà, kìkì èyí tó bá yí padà ló ń rán. Ohùn ní ìpín tirẹ̀, G.723.1, ìlànà fífún ohùn pọ̀, fún un dé 6.3 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibi tí fáànù ti ń ba ìpè jẹ́ nìyí. Kọ́tìnnì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè gba ọgbọ̀n nínú igun wọ̀nyẹn, gbogbo wọn á sì máa di tuntun lemọ́lemọ́. Bíìtì tó yẹ kó lọ sí ojú àti ẹnu á bá kọ́tìnnì lọ, ojú á wá di búlọ́ọ̀kù-búlọ́ọ̀kù. Ibi tó ṣókùnkùn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kámẹ́rà á máa ta àmì wẹ́wẹ́ bí èérún sórí àwòrán, kọ̀ǹpútà á sì rò pé gbogbo ògiri ló ń mira. Ògiri aláwọ̀ kan, iná láti iwájú, aṣọ tí kò ní bátànì wẹ́wẹ́, ó tán.

Ní "Options", ìyára módẹ́ẹ̀mù gan-an ni kí èèyàn yàn. Ẹni tó bá purọ́ pé LAN (okùn kọ̀ǹpútà abẹ́lé tó yára) lòun ń lò, àwòrán á kún láìnì, ohùn á sì máa já. "Small" (àwòrán kékeré) dára fún láìnì tí kò lágbára. "Better quality" wà fún ẹni tó fẹ́ fi ọmọ tuntun han ìyá àgbà: àwòrán á mọ́, ṣùgbọ́n á máa dúró.

Káfè tó ń lo VSAT, díìṣì íńtánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, tún ní wàhálà tirẹ̀. Sátẹ́láìtì wà ní kìlómítà 35,786 lókè, nítorí náà ọ̀rọ̀ àti èsì rẹ̀ á jẹ nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ìkíni ló kọ́kọ́ ń dàrú. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà" kò tíì dé ọ̀hún tí "Ṣé àlàáfíà ni?" ti ń bọ̀, wọ́n á gba ara wọn lẹ́nu. Kí wọ́n jẹ́ kí àgbà sọ tán ná. Earpiece ṣe pàtàkì, torí ohùn sípíkà máa ń padà wọ máíkì.

Àbùkù NetMeeting tó le jù ni IP, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lórí Windows 98, èèyàn á tẹ "winipcfg", á rí nọ́ńbà rẹ̀, á fi í ránṣẹ́ nínú í-meèlì kí wọ́n lè pè é. Bí módẹ́ẹ̀mù bá tún sopọ̀, nọ́ńbà lè yí padà. Nínú káfè ìgbà náà, gbogbo kọ̀ǹpútà sábà máa ń pín IP kan. NetMeeting á wá fún ẹni òkèèrè ní nọ́ńbà abẹ́lé tí kò lè dé: ó ń rí yín, ẹ ò rí i. Ó dáa kí èèyàn béèrè kọ̀ǹpútà tó ní IP tirẹ̀ kó tó sanwó wákàtí. Skype tó fi fídíò kún un ní 2006 ló mú wàhálà yìí kúrò lọ́rùn oníbàárà.